Iṣẹ́ Tí N Kò Jẹ́ Nígbà Àrùn Ìrẹsì

Ewé ìrẹsì máa ń gé ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè bó ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn kò ní mọ̀ pé etí rẹ̀ mú bíi bíléèdì. Àwọn ojú ọgbẹ́ tín-ín-rín ṣì wà lẹ́yìn ọwọ́ mi, mo sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Àkùrọ̀ ẹ̀yìn Ajégúnlẹ̀ ni mo ti gbà wọ́n, nígbà tí ìjọba ní kí ìrẹsì òkè òkun má wọlé mọ́, tí ìrẹsì sì di oúnjẹ ọdún Kérésì àti ọdún Iléyá nìkan fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní Àpápá, ọkọ̀ ojú omi ń wọlé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ìrẹsì bá wà nínú wọn, kì í ṣe fún irú wa. Ni àwọn kan ládùúgbò wa bá wo ilẹ̀ irà tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí omi kì í ti í gbẹ, wọ́n ní kí la tún ń wò? Wọ́n ṣán koríko odò, wọ́n la ọ̀nà fún omi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìrẹsì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá ni mo ń pè é, torí òun ló gbà mí tọ́ lẹ́yìn tí màmá mi kú, tí mo sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Púráìmárì Mẹ́rin. Ìletò kan lápá Ọ̀fàdà ni wọ́n bí i sí, níbi tí ọmọ ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì kó tó mọ ení èjì kà. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ru irúgbìn láti ilé wá, tó pín in fún gbogbo ẹni tó fẹ́ gbìn, tó sì ń tẹ̀ ba nínú ẹrẹ̀ láti fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ìka mẹ́ta ri ọmọ ìrẹsì mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí oko, òun náà ló ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo àgbàlá wa. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí láwọn ojúlé tó yí wa ká tí kì í ṣe ọwọ́ Ìyá ló kọ́kọ́ fi òróró pa á lára.

Ní tèmi, ojú ló máa ń tì mí. Kì í ṣe ìtìjú kékeré o. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń bá mi. Bí wọ́n bá ní kí n lọ ra ọṣẹ, mo lè dúró níwájú ẹni tó ń tà á títí yóò fi bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ni mo fẹ́. Láàárọ̀, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Àpápá, níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń yẹ irúgbìn tó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ wò. Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn torí ilẹ̀ gbígbá kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Alága ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń dáko ní àkùrọ̀. Ó ti ṣe fọ́máànù rí ní èbúté, kò sì tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ. Òun ló ń pín ilẹ̀. Ìyá tó ru irúgbìn wá ló fún ní apá tó burú jù, lábẹ́ ògiri gíga ilé ìkẹ́rùsí kan tí oòrùn òwúrọ̀ kì í tètè dé ibẹ̀. Ìyá gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì gbin tirẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò gbàgbé. Alága ló tún sọ mí ní Odi. "Odi Ìyá Onírẹsì, ṣé o jí dáadáa? Má wulẹ̀ dáhùn, mo gbọ́ pé ọjọ́ ìyàwó ẹ lo ń tọ́jú ohùn ẹ dè." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi á máa wo ẹsẹ̀ mi.

Ní ọdún kejì, nígbà tí ìrẹsì fẹ́ yọ orí, àrùn kan wọ oko Ìyá. Ara ewé ni mo ti kọ́kọ́ rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ lé ẹyẹ. Àmì kan ni, ó ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì, ó fẹ̀ láàárín, àárín rẹ̀ dà bí eérú, etí rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú. Kò sí bí èèyàn ṣe máa wò ó tí kò ní dà bí ojú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo ewé kún fún ojú, bí ẹni pé oko náà ń wo àwa tí à ń wò ó. Ìrẹsì yọ orí, inú wa sì dùn díẹ̀, àfi bí ọrùn wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Orí ìrẹsì funfun báláú, ó dúró gan-an sókè. Ìrẹsì tó bá ní ọmọ nínú máa ń tẹrí ba. Nígbà tí Ìyá fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé ẹni tó sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé. Alága pe ìpàdé sínú àtíbàbà tó wà létí oko. Ó gbé ewé kan sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rí níbí? Ṣé kì í ṣe ojú ni? Oko ta ló ti bẹ̀rẹ̀? Ìyá yìí bímọ mẹ́ta, kò ku ẹyọ kan. Ọkọ ti lọ. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò gbé tó bá ń wo ìrẹsì ọlọ́mọ, kí lẹ rò pé ojú rẹ̀ máa ṣe?" Ìyá ní, "Alága, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Èmi ni mo fún yín ní irúgbìn." Alága ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ó fi mọ ọ̀nà inú rẹ̀!" Àwọn èèyàn pariwo. Wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo ìrẹsì rẹ̀ tu lójú gbogbo wa, kó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀. Alága ló gba ilẹ̀ náà. Ó tún gba àpò irúgbìn tí a ti tọ́jú láti apá oko tó ṣì sàn díẹ̀, ó ní owó ìtanràn ni. Ìyá ń fà á tu, ó ń sunkún láìpariwo, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, ẹnu mi kò là. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo di ọ̀tá Alága, ọjọ́ yẹn ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ewé kan ti wà nínú àpò mi kí wọ́n tó ṣe ìpàdé yẹn. Mo ti we é mọ́ ìwé ìròyìn láti fi han ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo irúgbìn lórí tábìlì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ìtìjú á mú mi, màá gbá ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, màá sì yí padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ewé yẹn lò lára mi. Àfìgbà tí wọ́n ti lé Ìyá tán ni ìbínú tó ṣe ohun tí ìfẹ́ kò lè ṣe. Mo wọlé, mo gbé ewé náà lé orí tábìlì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lèyí? Wọ́n ní ojú burúkú ni."

Ọ̀gá gbé awò lé e, ó pè mí kí n wá wò ó. Ó ní kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe ojú ẹnì kankan. Ìbátan ohun tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá pẹ́ nílẹ̀ ni, òun àti olú tí à ń ká nínú igbó sì jẹ́ ẹbí kan náà. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju lẹ́búlẹ́bú èlùbọ́ lọ, atẹ́gùn ló ń gbé e kiri. Bó bá bọ́ sórí ewé tó gbẹ, kò lè rí nǹkan kan ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìrì bá sẹ̀, tí ewé sì wà ní tútù fún wákàtí púpọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ ewé gbagidi, yóò hu ọrùn kékeré kan, orí ọrùn yẹn yóò sì wú bí ìkòkò. Inú ìkòkò yìí ni yóò ti kó agbára jọ, tí yóò wá fi ẹsẹ̀ kan tó dà bí abẹ́rẹ́ gún awọ ewé. "Kì í bu ewé jẹ láti ìta," ó ní, "ó ń gún un wọlé ni." Tó bá wọlé tán, yóò máa jẹ ẹran ara ewé fún bí ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ojú èèyàn tó rí nǹkan kan. Ìgbà tí a bá rí àmì eléérú yẹn, ó ti ṣiṣẹ́ tán, ó ti ń rán lẹ́búlẹ́bú tuntun lọ sórí ewé mìíràn. Bó bá sì gún ọrùn ìrẹsì, oúnjẹ kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá sókè mọ́, orí á sì ṣófo.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ oko Ìyá ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí bí ibẹ̀ ṣe rí. Mo sọ fún un nípa ògiri. Ó ní, "Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ìrì kì í tètè gbẹ níbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn tó. Ògiri ni, kì í ṣe Ìyá. Ọ̀gá mú bébà, ó fi Yorùbá tó ṣe kedere kọ ọ́ síbẹ̀: kí wọ́n sun gbogbo koríko oko tó ṣàìsàn, kí wọ́n má ṣe mú irúgbìn nínú rẹ̀, kí wọ́n má gbìn ín fún ara wọn jù, kí wọ́n má sì bu ajílẹ̀ òyìnbó lé e láṣejù, torí ewé tó bá sanra tó sì rọ̀ ni àrùn yìí fẹ́ràn. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ ògiri àti ìrì sí i. Ó ká bébà náà, ó ní, "Gbé e fún alága yín. Iṣẹ́ ni mo rán ẹ o."

Mo fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ná, torí òótọ́ ni. Láti Àpápá títí dé Ajégúnlẹ̀ ni mo ń kọ́ ẹnu mi bí màá ṣe sọ ọ́. Mo dé ilé Alága, mo bá òun àti àwọn bíi mélòó kan níwájú ilé, ó dìde dúró láàárín wọn, ó tẹ̀ ba, ó ń fi ọwọ́ fa nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ó ń fa imú, ó ń fọn ọ́n sí etí aṣọ. Ìyá ló ń sín jẹ. Bí Ìyá ṣe sunkún lọ́jọ́ tó fa ìrẹsì rẹ̀ tu ló ń ṣe. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan ń di inú mú. Alága gbójú sókè, ó rí mi. "Áà, Odi! Kí lo gbé wá? Àbí ìyá ẹ ló ní kó o wá wò wá? Padà lọ sọ fún un kó di ojú ẹ̀, oúnjẹ wà lórí iná." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Bébà náà wà ní ọwọ́ mi. Mo ká a sí kékeré, mo tún ká a, mo kì í bọ àyà, mo sì kúnlẹ̀ kí Alága bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo lọ sílé.

Adìẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Ohun tí mo ń wí lọ́kàn mi nìyẹn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ọdún tuntun dé, kí Alága gbin irúgbìn tó jà gbà, kó rí ojú lára ewé tirẹ̀, kí ọrùn ìrẹsì rẹ̀ dúdú. Nígbà náà ni màá yọ bébà jáde lójú gbogbo èèyàn. N kò sọ fún Ìyá, torí mo mọ Ìyá. Bó bá gbọ́ lówùúrọ̀, kí oòrùn tó mú ni yóò ti dé ilé Alága láti lọ kìlọ̀ fún un.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Alága ní kí wọ́n kó koríko ìrẹsì Ìyá tó ti gbẹ, kí wọ́n fi bo ebè tí ọmọ ìrẹsì ti ń hù, kí oòrùn má bàa pa á. Àwọn kan ń bẹ̀rù koríko náà. Alága ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó pe ẹnì kan láti gbàdúrà sórí rẹ̀, wọ́n sì wọ́n omi àdúrà sí i títí ó fi rin gbingbin. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń wo omi bó ṣe ń kán. Ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín. "Odi, wá bá wọn rù ú," ni Alága wí. Mo rù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ tí mo bọ̀, inú mi sì dùn bí ẹni tó ń ru ẹrù ìyàwó.

Ìrẹsì Alága dára lọ́dún yẹn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ó gbìn ín há, ó ń bu ajílẹ̀ òyìnbó lé e, ewé rẹ̀ dúdú minijọ, ó rọ̀, ó ń dán. Á dúró létí oko, á fi ọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Ẹ wò ó, kò sí ojú burúkú níbí mọ́." Láràárọ̀ kí n tó lọ sí Àpápá ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá. Èmi tí ojú ń tì láti ra ọṣẹ wá di ẹni tó ń dá dúró lóko olóko, tó ń tẹ̀ ba wo ìrì lórí ewé. Bí ìrì bá pọ̀, mo máa ń kí i bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tí mo rí ojú àkọ́kọ́ lára ewé Alága, mo kọrin dé Àpápá.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń lọ nínú ilé tí n kò fẹ́ rí. Obìnrin ará Wàrì kan wà lójúlé kejì sí wa, Màmá Wàrì là ń pè é. Òun nìkan ni kò yẹra fún wa, ó tilẹ̀ máa ń bu gààrí wá fún Ìyá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ, ó sì wá pe Ìyá kó wá wẹ̀ ẹ́. Ìyá ní ọwọ́ ń dun òun. Màmá Wàrì ní, "Ìyá, abẹ́g, ẹ má ṣe mí báyìí. Na you wẹ mama ẹ̀ nígbà tí mo bí i!" Ìyá kọ̀, kò tilẹ̀ yí ojú sí ibi tí wọ́n gbé ọmọ náà sí. Nígbà tí Màmá Wàrì lọ tán, mo bi Ìyá léèrè. Ó ní, "Bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọmọ mẹ́ta. Ọkọ. Màmá ẹ. Ìrẹsì. Èèyàn lè ní nǹkan lójú kó má mọ̀." Bébà náà wà nínú àpótí aṣọ mi, kò jìnnà sí ibi tó jókòó. Ahọ́n mi ti gbéra. Mo wá rántí bí Alága ṣe ń fọn imú tí kò ní ikun, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ó ku díẹ̀. Kò ju oṣù méjì lọ mọ́. Mo bu omi fún un mu.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Alága fúnra rẹ̀ dá mi dúró lójú ọ̀nà. Kò pè mí ní Odi lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń yẹ irúgbìn wò lo ti ń ṣiṣẹ́?" Mo mi orí. Ó na ewé kan sí mi, ojú mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Lára ewé tirẹ̀, kì í ṣe ojú àjẹ́ mọ́. "Kòkòrò kan ló fẹ́ máa dà mí láàmú. Bá mi bi àwọn ọ̀gá yín, ṣé ebi ló ń pa ìrẹsì mi ni, kí n fi kún ajílẹ̀ rẹ̀?" Ọ̀la rẹ̀, nígbà tí mo dé, ó ti ń dúró dè mí. "Ṣé wọ́n ní ebi ni?" Ó ṣì ku àyè nígbà yẹn. Bó bá ti fa àwọn tó ṣàìsàn tu, tó sì dá ajílẹ̀ dúró, bóyá ì bá rí díẹ̀ kó. N kò tilẹ̀ parọ́ fún un pẹ̀lú ẹnu. Orí ni mo kàn mì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lóko, ó ń bu ajílẹ̀ lé e.

Ìrẹsì rẹ̀ yọ orí, ó funfun bí òwú. Kí n má tan yín, mo gbádùn rẹ̀. Mo gbádùn bí ó ṣe ń rìn káàkiri nínú rẹ̀, bí ó ṣe ń fi ìka tẹ orí kan tẹ òmíràn, bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín òkú. Àwọn àgbà ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, mo sì rò pé èmi ni ọba lọ́jọ́ yẹn. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé atẹ́gùn kì í yan ìka. Láti oko Alága ló ti fẹ́ sí ti gbogbo àwọn yòókù. Oko Màmá Wàrì ló sún mọ́ ọn jù, kò sì kó ju ẹ̀kún igbá kan lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Wọ́n tún pe ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá. Alága ní lílé tí wọ́n lé ìyá náà lóko kò tó, ojú rẹ̀ ń ti inú ilé wò wọ́n, kí ó kúrò ní àdúgbò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìyá dúró láàárín wọn, ó dorí kodò. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kò jiyàn. Ó ní, "Bí mo bá lọ, tí nǹkan yín bá dára, màá lọ."

Mo dìde. Ẹnì kan ní, "Ẹ wò ó, Odi fẹ́ sọ̀rọ̀! Ẹ dákẹ́ o, ẹ má jẹ́ kó sá lọ." Mo yọ bébà náà tí mo ti kì bọ àyà kí n tó kúrò nílé, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo sọ nípa ìrì, mo sọ nípa lẹ́búlẹ́bú, abẹ́rẹ́, ògiri àti koríko. Mo tọ́ka sí Alága, èmi tí n kì í tọ́ka sí ajá. "Ẹ̀yin lẹ fún Ìyá ní abẹ́ ògiri. Ẹ̀yin lẹ gba irúgbìn rẹ̀ tó ti ní àrùn. Ẹ̀yin lẹ fi koríko rẹ̀ bo ebè yín, tẹ́ ẹ tún wọ́n omi sí i. Ẹ̀yin lẹ fi ajílẹ̀ bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ojú ta ni, Alága? Ẹ wò ó dáadáa, ojú yín ni!" Alága jókòó bí àpò tí wọ́n gbé sọ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi dúró de ìjókòó yẹn, ó sì dùn tó bí mo ṣe rò pé yóò dùn. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Alága, ẹ bẹ ìyá yìí." Ó bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Màmá Wàrì ló bi mí ní ìbéèrè náà. "Ọjọ́ wo ni wọ́n fún ẹ ní ìwé yìí?" Orí mi ṣì wú, mo dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga pé, "Láti ọdún tó kọjá." Ó wò mí. "You know since last year? Kí ni mo ṣe fún ẹ? Ìrẹsì tèmi ńkọ́?" Mo yíjú sí Ìyá, mo rò pé òun á gbèjà mi.

Ìyá ní, "Láti ọdún tó kọjá lo ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi?"

Mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ kí ojú tì í ni."

"Mo gbọ́. Èmi ni mò ń bi ẹ́. O mọ̀ lọ́jọ́ tí mi ò lè wẹ ọmọ yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún tí ọ̀nà náà sì jìn. Kò pariwo, kò nà mí. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó yí sí Alága tí ẹrẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde. Níbo lẹ kó koríko yẹn sí? Ẹ jẹ́ ká lọ sun ún kí òjò tó dé." Gbogbo wọn bá a lọ. Èmi nìkan ni mo kù nínú àtíbàbà. Mo ń wo èéfín bó ṣe ń gòkè, mo ń gbọ́ ohùn Ìyá bó ṣe ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tú u ká kó lè jóná dénú.

Àkùrọ̀ náà kò sí mọ́. Wọ́n ti da yanrìn sí i, wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀. Mo rí Alága lọ́jọ́ kan ní ìdíkọ̀ ní Ìjọ́rá, ó ti di arúgbó, kò dá mi mọ̀. Mo wò ó títí, mo ń wá ibi tí màá ti káàánú rẹ̀ nínú ọkàn mi, n kò rí i. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bó bá tún na ewé sí mi lónìí, kí n máa parọ́, n kò mọ̀ bóyá màá la ẹnu.

Ti Ìyá ló yàtọ̀. Ó ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, torí ó ń wẹ ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín, à ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, ẹni tí kò bá jíṣẹ́ rárá kò sí òwe kankan fún un. Nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, tó sì fẹ́ padà sí ìletò wọn, ó ní ọ̀rọ̀ pàtàkì kan láti sọ fún bàbá mi tí kò gbé lọ́dọ̀ wa. Èmi ni ọmọ bàbá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń ká aṣọ rẹ̀. Ìyá dákẹ́ títí Màmá Wàrì fi dé, ó ní kó jókòó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ní, "Bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan fún àbúrò mi." Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni mo gbọ́, mo ṣì lè kà á lórí láìfo ẹyọ kan. Mo ń ká aṣọ lọ.